Ẹja Abẹ́ Àpáàdì

Lẹ́bàá afárá Gbódòfọ̀n, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
omi a máa fà títí kò fi ní í kọjá ọrùn ẹsẹ̀.
Sùnmọ́nù á ká ṣòkòtò, èmi á ká ìró mọ́ ìtan,
a ó máa ṣí òkúta wò lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbé, kékeré yẹn.
Kò gùn ju ìka àárín mi lọ.
Ikùn ló fi ń gbálẹ̀ odò,
irùngbọ̀n mẹ́fà ló fi ń tọ́ òkùnkùn wò.
Àwọ̀ ẹrẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀:
bí kò bá mira, o ti tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Mo bi Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣe aláró,
tí apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá,
pé kí ni wọ́n ń pè é.
Ó ní, “Èyí tí kò kún ṣíbí, ta ni yóò sọ ọ́ lórúkọ?”
Sùnmọ́nù ní àrọ̀ ni. Mo ní àrọ̀ kọ́.
A jà sí i títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi bà á, abẹ́ àpáàdì ló wà,
àpáàdì ìkòkò aró, tí dúdú ti wọ inú amọ̀ rẹ̀.
Mo gbé ẹja sókè. Ó ké.
Ẹ má rẹ́rìn-ín: ó ké,
bí ilẹ̀kùn kékeré nínú ilé
tí wọ́n ti ní kò sí ẹnìkankan.
Mo jọ̀wọ́ rẹ̀.
Àpáàdì ni mo gbé lọ sílé. Àwẹ̀ró fi dé ìkòkò iyọ̀.

Wọ́n ní nígbà ìwáṣẹ̀, igi wó lu odò yìí,
ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀
pé ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán.
Orí igbe yẹn la tẹ ìlú dó sí.
Gbogbo wa la mọ ẹni tó ni ìkòkò.
Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó kó wọ inú àfọ́kù.

Sùnmọ́nù wà ní Kàdúná, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.
Omi ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí;
n kò rí ìsàlẹ̀.
Ọ̀kadà ń kọjá lẹ́yìn mi lórí afárá,
ọmọ ọmọ mi ń fà mí láṣọ:
“Màmá, kí lẹ ń wò?”

Mo ṣí òrùlé ẹnìkan níbí rí.
N kò dá a padà.