Ìborùn Lójú Fèrèsé

A ò kọ àdéhùn wa sínú ìwé kankan.
Mámà Lídíà ní bí òun bá ti jí,
kí òun tó fọ ẹnu, kí òun tó wá bàtà tó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
òun á fi ìborùn pupa kan kọ́ irin fèrèsé.
Èmi tí mo ń ránṣọ lódìkejì títì ní Máṣífà,
iṣẹ́ tèmi ò ju pé kí n gbójú sókè.

Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé náà.
Eku ló ń gbé méje.
Ọmọ márùn-ún ló bí, wọ́n sì ń gbìyànjú:
ọ̀kan wà ní Kàdúná, ọ̀kan wà níbi tí yìnyín ti ń bọ́,
wọ́n ń fowó ránṣẹ́, wọ́n ń pè lálaalẹ́.
“Mámà, ṣé ẹ ti jẹun?”
“Mo ti jẹun, ọmọ mi.”
Fóònù ò lójú. Kò rí ìkòkò
tó ti dojú dé láti àná.

Inú agolo mílíìkì ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń gbé.
Lọ́jọ́ kan mo kà á: mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù
níbi tó yẹ kó ku mẹ́ta.
“Mo ń ṣọ́ ọ lò ni,” ló wí, “kó má baà tètè tán.”
Mo rẹ́rìn-ín títí.
Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti ẹ̀rọ,
n kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú ọyẹ́,
àwọn ọmọ iléèwé kọjá, ìborùn ò jáde.
Ẹlẹ́kọ kiri lọ, ó kiri bọ̀.
Mo ju aṣọ oníbàárà sílẹ̀ tòun ti abẹ́rẹ́ lára,
bàtà kan lẹ́sẹ̀ mi, ìkejì lójú títì.
Mo pe orúkọ, mo pe oríkì:
Àyọ̀ká! Àyọ̀ká o!
Músílíù tó ń lẹ táyà gbé irin dé,
ó fẹ́ já àgádágodo,
àfi bó ṣe dáwọ́ dúró.
“Ẹ̀gbọ́n, ìta mà ni wọ́n ti tì í.”

Ilé kẹta, lẹ́yìn kànga, la ti bá a,
ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògì gbígbóná
fún Alhájà Múnírátù tí ẹsẹ̀ yẹ̀ ní balùwẹ̀ lóru,
tí ọwọ́ òsì rẹ̀ wú bí iṣu.
“Àkísà aláró ló máa ń kọ́ fún mi,” Mámà wí, kò wojú wa.
“Mo jí, n ò rí i.
Ṣé ìborùn ni kí n dúró wá?”

Músílíù gbé Alhájà lọ sí ọsibítù.
A ò mọ̀ pé àdéhùn mìíràn ń bẹ
lẹ́yìn tiwa, láti ọdún wo, Ọlọ́run ló mọ̀.

Fèrèsé mẹ́fà ló ń kọ́ aṣọ báyìí.
Àlejò kan dúró lánàá, ó ń bèèrè iye tí à ń tà á.
Mo ní kì í ṣe títà.

Lálẹ́ mo gé àǹkárá tó ṣẹ́ kù, mo ṣẹ́ ẹ létí.
Mo ti pé àádọ́ta ọdún lóṣù tó kọjá.
Mo gbé e lé orí ẹ̀rọ,
mò ń wo fèrèsé tèmi.