Ẹnubodè Iná

Wáyà mẹ́wàá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ mi lára,
tútù bí irin ojú ọ̀nà ní oṣù kejì.
Nọ́ọ̀sì Kẹ́rísì ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n má rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé:
òkè kékeré, òkè ńlá, àfonífojì,
àlàfo kan ò sì bá èkejì dọ́gba.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ iná ọkọ̀ ojú irin
ní Kúrúù níbí, níbi tí ọ̀nà mẹ́fà ti pàdé.
Pupa: dúró. Àwọ̀ ewé: máa bọ̀.
N kò jẹ́ kí ọkọ̀ méjì forí gbárí rí.
Ta ló mọ̀ pé lábẹ́ ẹ̀wù mi
kò sí ẹnikẹ́ni nílé ìṣọ́?

Dókítà Kúrúvílà fi bírò ya ọkàn sẹ́yìn àpòòwé.
Ó tọ́ka sókè, lápá ọ̀tún:
“Ibí ni iná ti ń ṣẹ́. Òun ló ń pàṣẹ.
Ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó dé ẹnubodè yìí, ó dúró díẹ̀,
kí yàrá òkè lè da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ tán
kí yàrá ìsàlẹ̀ tó gbọ́ àṣẹ.
Tiyín, bàbá, iná ń ṣẹ́jú níbi ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà.
Gbogbo wọn ló ń pàṣẹ.”

Mo ní, ìlú tí olúkúlùkù ti ń jọba.
Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ó fún mi ní oògùn méjì.
Bisopurólólù, wọ́n gé e bí àwòrán ọkàn,
bí ẹni pé àwọn tó ṣe é ń bá wa ṣẹ̀fẹ̀.
Oníbodè ni. Ó jókòó tì ẹnubodè,
ó ń sọ fún iná pé: ẹ rọra, ẹ tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Flẹkenáídì kò dúró lẹ́nu ọ̀nà ní tirẹ̀;
inú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló wọ̀,
ó ń dí ihò tí iyọ̀ ń gbà wọnú ẹran ọkàn,
kí iná má baà rí ibi sáré gbà.
Iyọ̀!
Iyọ̀ tí Ìbídùn ti gbà lọ́wọ́ mi nídìí ọbẹ̀
ló ń ṣiṣẹ́ iná láyà mi, tí n kò mọ̀.

“Ṣùgbọ́n,” ni dókítà wí.
Mo ti ń retí ṣùgbọ́n náà.
Oògùn tó ń dá iná dúró lè dá a dúró jù.
Bí àpá àtijọ́ bá wà lára ọkàn,
iná tó ń wọ́sẹ̀ lè máa yí àpá náà po,
yíyí, yíyí, bí ọkọ̀ tí kò rí ọ̀nà ilé,
títí ọkàn á fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.
Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́kọ́ ya fọ́tò ọkàn mi,
wọ́n wá àpá, wọn ò rí.
Ìdí nìyí tí Kẹ́rísì fi ń fi rúlà wọn òkè orí ìwé:
bí òkè bá ti ń fẹ̀ sí i, wọn á dín oògùn kù.
Oògùn tó mọ ọ̀nà ìyè, ó mọ ọ̀nà kejì náà.

Òru dé, ọwọ́ mi tutù.
Mo lá àlá: bàbá mi ń ju àsíá aláwọ̀ ewé
ní ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà,
ṣòkòtò káńkí, fìlà tí oòrùn ti pa láró.
Kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó sáà ń jù ú.
Wọ́n ní Bisopurólólù ló ń fa irú àlá bẹ́ẹ̀.
Ó dáa. Ọdún méjìdínlógún ni n kò ti rí i.

Ọkọ̀ ẹlẹ́rù ti agogo márùn-ún kọjá lẹ́yìnkùlé,
gíláàsì fèrèsé gbọ̀n díẹ̀.
Ìbídùn gbé etí lé mi láyà.
“Ó ń lọ,” ó ní. “Ó ń lọ lẹ́sẹẹsẹ.”
Mo bi í pé àwọ̀ wo ni iná.
Ó ní kí n sùn.