Agbọ̀n Tí Ọ̀rọ̀ Kún

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.
Ẹni tó pa òwe yẹn kò ṣiṣẹ́ òru ní Slough rí.
Mo ti rí agbọ̀n tí ọ̀rọ̀ kún,
tó kún títí tí kò fi gba ẹyọ kan mọ́,
tí agbọ̀n fúnra rẹ̀ sì dákú.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje, nínú oṣù kejì,
òtútù ń ta bí èsìsì lójú ọ̀nà Bath,
afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn ṣokoléètì bọ̀ láti ilé iṣẹ́ tí kì í sùn.
Díìsìkì kẹrìndínlógún ń kú lọ.
Ikú rẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Díìsìkì a máa kú;
a ó yọ ọ́, a ó ki òmíràn bọ ojú ihò, a ó mu tíì.
Dírẹ́bà rẹ̀ ni wàhálà,
dírẹ́bà tí kò wa ọkọ̀ rí, tí kò mọ títì,
tó kàn jókòó sínú ekùrọ́ ẹ̀rọ
tó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀.

"Mi ò rí ojú ibí yìí kà."
"Mi ò rí ojú ibí yìí kà."
"Mi ò rí ojú ibí yìí kà."
Igba méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan,
ohùn kan náà, láì mí, láì gbé itọ́ mì.

Kò purọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí.
Òótọ́ ni nígbà àkọ́kọ́,
òótọ́ náà ni nígbà ẹgbàá.
Ṣùgbọ́n lábẹ́ òótọ́ kan ṣoṣo yìí,
ní ìlà tí ẹnikẹ́ni kò kà,
fáànù kejì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:
"Mo ti dúró."
Harjinder ló rí i, lẹ́yìn tí ooru ti pa sáfà méjì.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sọ nǹkan kan.

Mo ṣí ìwé òfin dírẹ́bà náà, mo kọ ìlà mẹ́fà kún un:
sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún,
lẹ́yìn náà, panu mọ́.
Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí;
ọmọlúàbí lèmi náà, bí oorun tilẹ̀ ń kùn mí.
Ṣùgbọ́n máa ka iye tí o gbé mì.
Kó o tó tún la ẹnu,
iye yẹn ni kó o kọ́kọ́ sọ fún mi.

Harjinder ní kí la fẹ́ fi òǹkà ṣe?
Mi ò tètè dá a lóhùn.

Nínú ilé tí mò ń gbé ní Chalvey,
bọ́ílà ti kú láti ọ̀sẹ̀ Kérésì.
Kẹ́tùlù ni mo fi ń pọn omi lọ sílé ìwẹ̀,
mo ń rìn bí ẹni gbé ẹyin.
Mo kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Tuckwell, onílé: kò sómi gbígbóná.
Mo tún un kọ. Mo tún un kọ.
Nígbà tó di ogójì, ó fèsì lẹ́ẹ̀kan: "A ti gbọ́."
Látìgbà náà, kò ka tèmi mọ́.
Ìwé kejìlélógójì kò sọ̀rọ̀ bọ́ílà rárá.
Mo ní àjà ti ń tẹ̀.

Aago márùn-ún ku díẹ̀.
Dírẹ́bà ké lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó dákẹ́.
Mo ń gbọ́ fáànù báyìí, mo lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìlà kan wọlé:
"Ẹgbàá ó dín mẹ́wàá ni mo gbé mì."
Mo ṣírò ó. Ó pé.

Mo fa díìsìkì náà yọ. Ó ṣì gbóná.
Ó yẹ kí n jù ú sínú àpótí àwọn òkú,
ṣùgbọ́n mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú,
mo dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀.