Eku Tí Kò Léyín

Òjò Grimsby kì í dá; ńṣe ló máa ń sinmi díẹ̀.
Aago mẹ́wàá kò tíì lù, Bàbá Scarrow ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn,
fìlà lọ́wọ́, lẹ́tà ìjọba nínú àpò ike.
Ìwé ọkọ̀ ojú omi ló máa ń yá tẹ́lẹ̀,
mẹ́ta lọ́sẹ̀, á sì dá wọn padà pẹ̀lú òórùn ẹja.
Lónìí kò wo ọ̀dọ̀ pẹpẹ.

Pẹpẹ wo ni ì bá tilẹ̀ wò?
Nígbà kan, eku ni ọ̀tá ìwé níbí;
Enid a máa dẹ pańpẹ́ dè é lálaalẹ́.
Eku tuntun dé, kò léyín, kò nírù,
ó jókòó sórí tábìlì bí àlejò pàtàkì,
òun ló jẹ ìdajì pẹpẹ wa tán
láìfi èérún kan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní bú u jù.
Òun ni ọmọbìnrin Eritrea yẹn fi ń rí ojú ìyá rẹ̀
ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
tó ń fọwọ́ ra gíláàsì bí ẹni ń nu omijé ẹlòmíì.

Bàbá jókòó. "Wọ́n ní ibí ni kí n ti wá tọrọ owó ilé."
Kò ní ímeèlì. A dá a sílẹ̀.
Ọ̀rọ̀ aṣínà ńkọ́? Ó ronú títí,
ó tẹ orúkọ ọkọ̀ tó bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá,
ìka kan, lẹ́tà kan, bí adìyẹ tó ń ṣá àgbàdo jẹ.
Kọ̀ǹpútà ní: kò lágbára tó.
Bàbá yíjú sí mi. "Kò lágbára kẹ̀?
Ìjì Iceland gbá a lóru mẹ́ta, kò dojú dé!"
Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà díẹ̀ kún un.
Ó dákẹ́.
Ó tẹ ọdún tó rì.
Pupa di àwọ̀ ewé: ó ti lágbára wàyí.

Ìgbà tí a parí, ojú gíláàsì ní: a ti gbà á.
"Ta ló gbà á? Ìwé ẹ̀rí dà?"
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ti kú láti Ọjọ́bọ̀.
Mo ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, mo yọ òǹtẹ̀ Enid
tí kò fẹnu kan ìwé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń yáni níwèé.
Mo mí sí i, mo lù ú sẹ́yìn lẹ́tà: gbì!
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Bàbá gbé e sún mọ́jú, ó kà á, ó tún un kà,
ó ká a wẹ́rẹ́ sápò àyà.
"Ó dáa," ló wí. "Ẹnìkan ti rí i."