Sí Àwọn Onígbìn-ín

N kò lè pe orúkọ ilé-iṣẹ́ yín.
Lẹ́tà rẹ̀ jọ ẹsẹ̀ adìyẹ lórí ẹrẹ̀.
Ìgbín tó dé fìlà ni mo máa ń kọ́kọ́ rí,
tí yóò rọra wọ́ kọjá lójú gíláàsì,
tí yóò dúró láàárín, tí yóò sín,
kí eré tó bẹ̀rẹ̀.
Nítorí náà, nílé wa ní Ìṣarà,
Onígbìn-ín là ń pè yín.

Ọ̀sínọ́wọ̀ tó ń tún fóònù ṣe lódìkejì ọjà
ló ta ẹ̀rọ náà fún mi, àlòkù,
bọ́tìnnì mẹ́rin bí àwẹ́ obì àbàtà,
ọ̀kan ti wọlé, kò jáde mọ́.
Ó ní, "Eré kan wà nínú rẹ̀ tí kò yé mi.
Kò síbọn. Kò sẹ́ni tí à ń lé.
Kẹ́tùlù kan ló ń wá ọmọrí rẹ̀."

Kẹ́tùlù kan ló ń wá ọmọrí rẹ̀!
Oṣù méjì ni mo fi bá a wá a.
A gun òkè tó ń hanrun,
a ń fẹsẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà jí.
A wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi bàtà ẹsẹ̀ òsì kan ṣe.
Nígbà tí mo já sódò
gíláàsì kò pupa, n kò rí "O ti kú."
Ọ̀pọ̀lọ́ kan ló gbé mi jáde,
ó nu ojú mi, ó já rìsíìtì lé mi lọ́wọ́:
omi tí o mu, ife mẹ́ta;
ẹ̀rù, díẹ̀.
Ọmọ Rẹ́mọ ni mí. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń ná an.
Ó wà! Ẹ ti rò ó ṣáájú mi!
Ọ̀pọ̀lọ́ yọ ife kan kúrò.

Ta ló jókòó ní ìlú òtútù yín lọ́hùn-ún
tó mọ̀ pé ẹnì kan ní Ìṣarà
yóò fẹ́ bá ọ̀pọ̀lọ́ nájà?

Èyí tó tẹ̀ lé e, ewúrẹ́ aránṣọ.
Ìkùukùu ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n fẹ́ kó wọn àwọn.
Bí ojú rírán bá tú, òjò.
Lálẹ́ ọjọ́ kan òjò gidi ya lu páànù wa,
iná lọ,
mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń ronú
ibi tí mo ti fo abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ n sòótọ́: ẹ̀kẹta kò dùn.
Ẹ fi aago sí i. Ẹ ní ká sáré.
Ìgbín wo ló ń sáré?
Mo jù ú sínú agbọ̀n, mo lọ bó obì.

Bàbá mi, Òdúṣọ́lá, kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí.
Ogójì ọdún ló fi ṣa obì lórí ẹní,
èyí tí kòkòrò ti jẹ sí òsì,
èyí tó dá ṣáká sí ọ̀tún.
"Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, eré kẹ́tùlù!"
Àfìgbà tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ,
tí dókítà ní kó máa mi àtàǹpàkò díẹ̀díẹ̀.
Mo gbé e lé e lórí itan, n kò sọ nǹkan kan.
Ó wo ìgbín títí ó fi sín.
Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o."

Kò tíì gun òkè náà já.
Ó ń jí i ṣáá ni,
òkè á la ojú kan, á bi í léèrè, "Báwo nilé?"
Bàbá á gbẹ́nu sókè, á dá a lóhùn:
iye tí agbọ̀n obì dà ní Ṣágámù lọ́sẹ̀ yìí,
ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, tó sì lọ kọ́lé.
N kò sọ ibi tí ọmọrí wà fún un.
Lánàá, òun àti ọ̀pọ̀lọ́ takú sódò.
Ó ti ná omi títí kò fi ku ife kan.
Ẹ̀rù nìkan ló kù lórí ìwé,
ọ̀pọ̀lọ́ ní ìyẹn kò sí lọ́wọ́ òun.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún ń ṣe òmíràn,
ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì mẹ́ta tó o.
Ẹ̀kẹrin tiwa kò tíì jáde.