Òṣùwọ̀n Abẹ́ Igi Máńgòrò

Ní Ìgbònà, kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí,
mo so kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà Gàníù.
A kọjá Dàgbólú. Ọ̀dà títì tán,
ilẹ̀ pupa wá ń darí wa.
Nínú máàpù ọ́fíìsì wa l'Óṣogbo, abà Akínlabí kò sí.
Òjò mọ̀ ọ́n. Ibà náà mọ̀ ọ́n.

Afárá onípákó ti já lóṣù kẹfà.
Gàníù ti ọ̀kadà, èmi ru kúlà, omi dé orúnkún.
"Ẹni tó ń wá ọmọ kì í bínú ẹrẹ̀," ni Gàníù wí,
ó sì ń bínú.

A so òṣùwọ̀n mọ́ ẹ̀ka máńgòrò.
Àwọn ọmọ ń wọ ṣòkòtò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
wọ́n ń fì bí èso tí kò tíì gbó.
Sùlíà: kílò mẹ́sàn-án. Ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀pà àti ìmọ̀ràn;
ẹ̀pà ló fi ọwọ́ méjèèjì gbà.

Lásísì dúró lẹ́yìn àká àgbàdo, ọmọ ọdún méje.
Ìyá àgbà rẹ̀ fi ẹnu sí mi létí:
"Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti gba ọ̀nà Líbíà lọ,
kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé ẹ ní abẹ́rẹ́ ìyẹn?"
Mi ò ní.

Ọ̀sán pọ́n, yìnyín di omi.
Mo ń tú òṣùwọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà wá,
ó fa sílípáàsì obìnrin kan yọ lábẹ́ ẹ̀wù,
ẹsẹ̀ kan péré, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ,
ó fi í sínú ṣòkòtò òṣùwọ̀n.
Ọwọ́ òṣùwọ̀n kò mira.
"Kò wúwo ni?"
Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ẹ̀ẹ̀rùn.
Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀, gbì.

Mo lè purọ́ pé kílò kan ni.
Mo ní, "Òṣùwọ̀n yìí ló kéré."
Ó ronú.
"Ẹ mú èyí tó tóbi wá."

Òṣogbo ti tanná nígbà tí a dé.
Ìwé wa ní àyè fún orúkọ, ọjọ́ orí, kílò.
Etí ìwé ni mo kọ ọ́ sí: Lásísì sọ̀rọ̀.
Ọ̀gá ní kí ni mo fẹ́ padà lọ ṣe kí oṣù tó pé.
Mo ní mo jẹ ọmọ kan ní òṣùwọ̀n.