Àpò Kan, Etí Ìwé

Ìrì ṣì wà lórí páànù ilé-ẹrù Mọ́níyà
tí Ṣíttù ti gbé ọkọ̀ dé, ó ń fi àkísà nu dígí.
Ọ̀ọ́dúnrún àpò ẹ̀wà: mo kà á lẹ́ẹ̀mejì,
mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i.
Níbi tó ń lọ, ìbọn ò jẹ́ kí wọ́n gbìn lésìí,
ìyàn ti jókòó bí àlejò tó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀.

Fàlmátà ló ń gbálẹ̀ fún wa.
Ọmọ mẹ́ta ló kó kúrò nílé lọ́jọ́ ogun,
méjì ló kó dé Ṣáṣá.
Ó fọwọ́ kan àpò. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n ó délé:
"Ẹ̀wà yìí, igi wo ni wọn ó fi sè é?
Obìnrin tó bá lọ ṣẹ́gi níbẹ̀, kì í sábà padà.
Ọmọ mi jẹ ẹ́ ní tútù…"
Ó dákẹ́. Ó tún ibi tó ti gbá gbá.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ ìwé yìí:
iye tó jáde, iye tó dé, iye tí ọ̀nà jẹ.
Kò sí ojú ìlà kan fún ohun tí ẹlẹ́nu fẹ́.

Èmi ọmọ Ìbàdàn, ọmọ a-jòro-sùn,
ọmọ a-jẹ̀gbín-yó, a-fìkarahun-fọ́rí-mu,
bí ìyá mi bá kì mí báyìí, orí mi a wú.
N ò rò ó rí pé ìyàn ni wọ́n ń kì:
ogun túlú, àwọn tó kù gun òkè,
wọn ò rí nǹkan jẹ ju èso igbó àti ìgbín lọ.
Ta ló kọ́kọ́ ru iṣu gòkè lọ bá wọn?
Oríkì ò sọ. Bóyá kò sẹ́nìkan.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá:
Ẹ kó oúnjẹ tí kò bẹ̀bẹ̀ iná ṣáájú.
Níbi tí ọjà bá ṣì ń ná, ẹ fún àwọn ìyá lówó.
Ẹ jẹ́ kí irúgbìn ṣáájú òjò; tọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀rùn ló bá.
Ẹ bá tọ̀tún tòsì tó ń jà sọ̀rọ̀ ọ̀nà,
Ṣíttù ń fi àpò ra ẹ̀mí ara rẹ̀
níbi gbogbo tí wọ́n bá ti na okùn.
Kẹ́ ẹ tó di ẹrù, ẹ bi Fàlmátà.

Ọjọ́ kẹsàn-án, èsì dé:
ọ̀rọ̀ mi dára, ó di ìpàdé oṣù mẹ́ta.

Fàlmátà ò dúró de ìpàdé.
Owó oṣù rẹ̀ ló fi ra àpò èédú kan,
òun àti Ṣíttù gbé e lé orí ẹ̀wà, wọ́n so ó.
Mo ṣí ìwé. N ò rí ìlà tí mo lè kọ ọ́ sí.
Etí ìwé ni mo kọ ọ́ sí, ní bíírò pupa:
èédú, àpò kan.